Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Ọmọ Ahun Odò Mẹ́fà Nínú Bàsíà

ÌBÉÈRÈ

Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwàyà ní Èkó là ń gbé, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sápá ọ̀sà. Bàbá onílé wa gbẹ́ adágún kan sí ẹ̀yìnkùlé láyé ọjọ́un, ẹja àrọ̀ ni wọ́n fẹ́ máa sìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa á tì. Òjúoró ti bo ojú omi náà, àkèré ló kù tó ń ké níbẹ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn òjò ńlá ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ìbejì mi rí ọmọ ahun mẹ́fà létí omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kàn fi díẹ̀ tóbi ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Àwọ̀ wọn dúdú, ó ní ìpọ́n díẹ̀. Tí a bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọn kì í fa orí wọlé tààrà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń ká ọrùn sí, lábẹ́ etí igbá.

Àwọn ọmọ kó wọn wálé, wọ́n dà wọ́n sínú bàsíà, wọ́n pọnmi kún un. A fún wọn ní búrẹ́dì, a fún wọn ní ìrẹsì, wọn ò jẹ. Ojú ọ̀kan ti wú, kò ṣí i mọ́. Kíṣìnì la gbé bàsíà náà sí nítorí ológbò aládùúgbò. Ìbejì ti sọ gbogbo wọn lórúkọ, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ pé a ó dá wọn padà, wọ́n ní ìyá wọn ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Aládùúgbò kan ní kí n ta wọ́n fún òun, pé òun mọ àwọn tó ń wá ahun fún àgbo. Bàbá onílé náà sì ti wí fún wa pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, àwọn máa fi iyanrìn dí adágún náà, àwọn fẹ́ kọ́ yàrá méjì síbẹ̀. Ṣé a lè tọ́ àwọn ahun yìí títí wọ́n á fi dàgbà? Kí la ó máa fún wọn jẹ?

Ìyá Ìbejì, Ìwàyà

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bàsíà yẹn kúrò ní kíṣìnì.

Ahun odò a máa gbé kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella nínú ìfun, ara òun fúnra rẹ̀ á sì le koko. Ẹ lè wò ó títí, ẹ ò ní rí àmì kankan lára rẹ̀. Inú omi tó wà lọ́wọ́ ni kòkòrò náà ń bọ́ sí. Láti ibẹ̀ ló ti ń dé orí pákó tí ẹ fi ń gé ata, dé ọwọ́ ọmọ, dé ẹnu. Ibà, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aláboyún àti àgbàlagbà ló sì máa ń há jù. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fòfin de títa ọmọ ahun tí igbá rẹ̀ kò tó ínǹsì 4 láti ọdún 1975: àwọn ọmọdé ń kì wọ́n bọ ẹnu, wọ́n ń fẹnu kò wọ́n lẹ́nu, àìsàn sì ń dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹ má tún bu oúnjẹ tí èèyàn máa jẹ sínú bàsíà náà mọ́ láéláé. Kí Táyé àti Kẹ́hìndé máa fi ọṣẹ fọwọ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn wọ́n. Omi tí ẹ bá fẹ́ dànù, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe ojú síńkì.

Èkejì, ẹ dín omi kù nísinsìnyí. Omi ni ilé wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí. Ahun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin lè rì sínú bàsíà tó kún, torí kò síbi tó lè tẹsẹ̀ bọ̀, kò síbi tó lè gùn sí. Á lúwẹ̀ẹ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Ọrùn tí ẹ sọ pé wọ́n ń ká sí ẹ̀gbẹ́ yẹn wúlò fún mi gan-an. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ahun odò tiwa níhìn-ín ni wọ́n, ìdílé àwọn tí wọ́n ń pè ní Pelusios àti Pelomedusa. Pelusios castaneus ló wọ́pọ̀ ní àbàtà àti omi tó dúró sójú kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun ni mo sì rò pé ó wà lẹ́yìnkùlé yín. Ká ní imú wọn gùn ṣóńṣó ni, tí igbá ẹ̀yìn wọn sì rọ̀, tó jẹ́ awọ lásán ló bò ó, ǹ bá ní kí ẹ dá wọn padà kílẹ̀ tó ṣú: ìyẹn Trionyx triunguis, tó lè gùn tó mítà kan tó bá dàgbà, tó sì ń buni jẹ gidigidi. Bí ẹ bá sì rí ìlà pupa lẹ́yìn ojú, ahun Amẹ́ríkà tí ẹnì kan rà tó sì dànù ni, ẹ ò gbọ́dọ̀ dà á sínú omi wa rárá, torí ó ń gba ibùgbé àti oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tó bá níbẹ̀.

Ẹ wá pe àwọn ìbejì jókòó, kí ẹ sọ eléyìí fún wọn: ìyá ahun kò kọ ọmọ sílẹ̀. Kò sí ìyá ahun odò wa kankan tó ń tọ́mọ. Á jáde nínú omi, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ilẹ̀, á yé ẹyin sí i, á fi erùpẹ̀ bò ó, á padà sómi, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Ooru ilẹ̀ ló ń pa ẹyin náà, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ahun, bí ilẹ̀ ibi tí ẹyin wà bá ṣe gbóná sí ló ń pinnu bóyá akọ ni ọmọ tó máa jáde tàbí abo. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí ilẹ̀ dẹ̀, wọ́n á walẹ̀ jáde, wọ́n á kọrí sómi. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ahun ti mọ omi wẹ̀, ó ti mọ bí a ti ń sá pamọ́, ó ti mọ oúnjẹ. Pupa ẹyin tó kù nínú ikùn rẹ̀ ló ń jẹ fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyẹn wà lára ìdí tí wọn ò fi jẹ búrẹ́dì yín. Ìdí kejì ni pé búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ wọn.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ìdáhùn mi sí títọ́ wọn dàgbà ni rárá. Mo mọ̀ pé yóò dun àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní bàọ́lọ́jì ní Yábàá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í yé gbé ahun wá fún mi nínú ìgò, nínú ike bọ́tà, nínú báàgì ìwé. Ọmọbìnrin kan gbé ọ̀kan wá tí wọ́n ti fi ìrẹsì bọ́ nínú yàrá fún oṣù pípẹ́. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ó ń pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀. Mo fi ìka tẹ igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀ wọlé. Egungun ni igbá ahun, kálísíọ́mù ló sì ń mú egungun le. Kálísíọ́mù yẹn kò lè wọ egungun láìsí fítámì D, ara ahun kò sì lè ṣe fítámì D tó pọ̀ tó láìsí oòrùn tó bà á lára tààrà. Oòrùn tó gba ojú gíláàsì fèrèsé wọlé kò kà, torí gíláàsì ti gba apá tó wúlò nínú rẹ̀. Ahun ọmọbìnrin náà kò yè é. Àìsí ìfẹ́ kọ́ ló pa á.

Àwọn tiyín á dàgbà dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, wọ́n sì lè lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láyé. Ìbejì á ti wọ yunifásítì, wọ́n á ti kúrò nílé, ta ni yóò máa bá wọn wá ìṣáwùrú?

Ohun tí ẹ máa ṣe lónìí rèé. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, ẹ kó márùn-ún tí ara wọn le padà sí etí adágún, níbi tí àwọn ọmọ ti rí wọn gan-an, lábẹ́ òjúoró. Ẹ má jù wọ́n sáàárín omi. Ẹ gbé wọn lélẹ̀, wọ́n á rìn wọlé fúnra wọn. Lékeléke á gbé nínú wọn, awọ́nríwọ́n á jẹ nínú wọn, bí ẹja àrọ̀ àtijọ́ bá sì kù nísàlẹ̀ omi, òun náà á mú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ahun ń yé ẹyin púpọ̀ nítorí pé díẹ̀ ló ń dàgbà.

Ẹ fi olójú wíwú sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Omi tó dọ̀tí ló sábà máa ń fa irú ojú bẹ́ẹ̀ lára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èyí tí wọ́n ti tọ́ pẹ́, àìtó fítámì A náà máa ń fà á. Ẹ wá ike tó fẹ̀, kí omi inú rẹ̀ má jìn ju bí igbá rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó lọ. Ẹ gbé àbọ̀ bíríkì tó dagun sínú rẹ̀ kó lè gùn ún jáde yá oòrùn, kí ẹ sì já òjúoró kan sí i kó lè fara pamọ́. Omi òjò dára, omi kànga dára. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ìjọba, ẹ jẹ́ kó wà nínú garawa tí kò ní ìdérí di ọjọ́ kejì kí kílórínì inú rẹ̀ lè fò lọ. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ìta ni kí ike náà wà, kí oòrùn òwúrọ̀ máa kàn án, kí ẹ fi pákó bo ìlàjì, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo gbogbo rẹ̀ nítorí ológbò àti àwòdì. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn ọ̀sán. Omi inú ike kékeré á gbóná láìpẹ́, ahun kò sì ní làágùn tí yóò fi tutù.

Oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní àyíká yín. Tanwíji tó ń jó nínú omi táyà àlòkù, ẹ fi àwọ̀n tíì gbọ́n ọn, ẹ dà á sí i. Ekòló, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ìṣáwùrú, ẹ fọ́ ọ tòun ti ìkarahun, ibẹ̀ ni kálísíọ́mù wà. Edé tútù náà dáa. Inú omi ni kí ẹ fi sí o, torí ahun odò kì í lè gbé oúnjẹ mì lórí ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó, ìwọ̀nba tó lè jẹ tán kíákíá. Èyí tó bá kù, ẹ kó o kúrò kó má ba omi jẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹja gbígbẹ oníyọ̀, mílíìkì, tàbí ẹran ọbẹ̀. Ẹran màlúù lásán, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò ní kálísíọ́mù tó fún igbá rẹ̀. Tí ojú náà kò bá ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ẹ má fi oògùn ojú èèyàn kán an.

Ọ̀rọ̀ tó kà mí láyà jù nínú lẹ́tà yín ni ti iyanrìn. Ẹ̀yin ń ronú ọmọ mẹ́fà. Èmi ń ronú ìyá wọn àti àwọn àgbà mìíràn tí wọ́n lè wà níbẹ̀. Àwọn ahun yìí, nígbà tí omi bá ń gbẹ, máa ń ri ara wọn mọ́ inú ẹrẹ̀, wọ́n á sùn síbẹ̀ títí òjò á fi padà dé. Nítorí náà, ọ̀gbẹlẹ̀ tí bàbá onílé mú yìí gan-an ni ìgbà tí adágún náà máa dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Típà á dé, wọ́n á da iyanrìn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé orí ẹran tó wà láàyè ni wọ́n dà á lé.

Ẹ lọ bá bàbá onílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ lọ kí òjò tó dáwọ́ dúró. Ẹ má bá wọn jà, ilẹ̀ wọn ni. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi pọ́ǹpù fa omi náà kù sí orúnkún kí típà tó dé, nígbà tí ahun ṣì ń rìn. Àwọn apẹja Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ tó wà ládùúgbò yín sí Mákòókò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá nǹkan nínú ẹrẹ̀, ẹ fún wọn lówó iṣẹ́ wọn, kí ẹ sì dúró tì wọ́n kó má lọ di ọbẹ̀. Kí wọ́n wá abẹ́ òjúoró, ìdí bèbè, àti ibi tí omi ti jìn jù. Ọwọ́ méjèèjì ni ká fi di etí igbá mú. Á fi èékánná ya èèyàn, á sì tu nǹkan tó ń rùn síni lára, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ dojú rẹ̀ sókè wò: bí iwájú igbá àyà rẹ̀ bá ṣeé pa dé bí ìlẹ̀kùn, Pelusios ni lóòótọ́. Ẹ kó wọn sínú àpò tí ẹ fi omi rin, kì í ṣe inú garawa omi, kí wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà.

Níbo wá ni? Ẹ má kó wọn sí ọ̀sà. Mo mọ̀ pé ọ̀sà ló sún mọ́ yín jù. Ṣùgbọ́n omi ọ̀sà Èkó kì í dúró bákan náà: lásìkò òjò, omi odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń sọ ọ́ di omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan; bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi òkun á gba ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi wọlé, iyọ̀ á pọ̀. Ahun àbàtà kò bá iyọ̀ rẹ́. Gọ́tà ńlá tó kún fún epo àti láílọ́ọ̀nù kò dára pẹ̀lú. Àbàtà tí omi rẹ̀ kò níyọ̀, tí ewéko pọ̀ létí rẹ̀, tó sì sún mọ́ yín jù lọ ni kí ẹ wá, torí bí a bá gbé ẹran rìn jìnnà, a lè gbé àrùn bá àwọn tó wà níbẹ̀. Àkọkà kò jìnnà sí yín. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹranko àti ti omi òkun wà ní Yunifásítì Èkó, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ iyanrìn tó kò. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, tó ti wà láti ọdún 1980, wà ní Lẹ́kkí, ẹ lè kọ̀wé sí àwọn náà.

Ohun kan tún wà tí bàbá onílé lè fẹ́ gbọ́. Adágún yẹn ló ń gba omi òjò ẹ̀yìnkùlé yín. Tí wọ́n bá dí i, omi náà á wá ibòmíràn lọ, ní Ìwàyà sì rèé, yàrá ìsàlẹ̀ ló máa wọ̀. Ẹ rọra fi ìyẹn kún un. Bóyá wọ́n á fi igun kan sílẹ̀.

Ti aládùúgbò tó fẹ́ rà wọ́n, ẹ sọ fún un pé kò sí fún títà. Mi ò bá onísègùn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ahun tó kéré báyìí kò wúlò fún àgbo ẹnikẹ́ni, àwọn àgbà inú adágún ni yóò padà wá, abo kan tó ti dàgbà dé ibi yíyé ẹyin sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó débẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá kó ìyẹn lọ, òfìfo omi ló kù.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀ ojú omi mú ọmọ ahun kan wá fún mi láti etíkun Tarkwa Bay. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní ọmọ ìka. Mo fi omi ẹ̀rọ sínú garawa fún un, kò sinmi, etí garawa ló ń forí gbá tọ̀sán-tòru. Kí ló ń ṣe é?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, òkun ló ń wá. Ahun òkun ni, kì í ṣe irú ti Ìyá Ìbejì. Lálẹ́ tí ahun òkun bá jáde nínú iyanrìn ló ti máa ń wẹ̀ lọ láìdúró títí á fi jìnnà sí etíkun, agbára tó sì wà nínú rẹ̀ fún ìrìn yẹn ló ń lò tán sínú garawa rẹ. Omi tí kò níyọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní ẹṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó fi ń da iyọ̀ nù lára.

Da omi yẹn nù báyìí. Fi iyanrìn tútù sí ìsàlẹ̀ garawa, gbé e lé e, fi aṣọ dúdú bò ó, kó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ kó gbé ọ padà ní ìrọ̀lẹ́ yìí sí apá tó kọjú sí òkun gan-an. Má ṣe jù ú sí ọ̀sà ní Marina o. Tí oòrùn bá ti wọ̀, gbé e kalẹ̀ sórí iyanrìn, jìnnà díẹ̀ sí ìgbì, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Pa tọ́ọ̀ṣì àti iná fóònù rẹ, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù ni ọmọ ahun òkun máa ń kọrí sí. Iná ilé ìgbafẹ́ etíkun máa ń fà wọ́n gba ọ̀nà òdì, àárọ̀ á sì bá wọn lójú títì.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ náà pé gbogbo ahun òkun ló wà lára àwọn ẹran tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí kíkó ẹran àti ewéko ìgbẹ́ tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 1974, fún ní ààbò tó lágbára jù. Tó bá tún rí ipa ẹsẹ̀ ńlá tó jáde látinú òkun lórí iyanrìn níbẹ̀, kó má walẹ̀ ibẹ̀, kó má sì jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ gùn ún. Bí ọkọ̀ kò bá sí lálẹ́ yìí, jẹ́ kí iyanrìn inú garawa máa tutù, má bọ́ ọ, kí ẹ lọ lálẹ́ ọ̀la.